Ìyá Àgbà Pòṣé, Mo Dákẹ́

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òṣé kan ti ń dún létí mi. Kì í ṣe òṣé ńlá, irú èyí tí wọ́n ń pa lọ́jà tí gbogbo èrò á fi yíjú wò. Òṣé kékeré ni, ó gba àárín eyín jáde bí atẹ́gùn tó ń yọ́ jáde lára táyà. Ìyá àgbà kan ló pa á nínú yàrá ìpàdé ilé-ìwé ìjọba kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí i létí. Mo wà lára àwọn mẹ́ta tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń fọ abọ́, mo ń gbọ́ ọ. Lóru, níbi iṣẹ́, bí mo bá ń yí arúgbó tí mò ń tọ́jú padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí i lára, mo ń gbọ́ ọ.

Ohun tí a bá sọ nínú yàrá yẹn kò gbọdọ̀ jáde, nítorí náà mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọmọ náà. Ohun tí n kò yí padà ni ohun tí èmi fúnra mi ṣe.

Òṣé ẹlẹ́ẹ̀kẹrin

Ọdún kejì rèé tí àwọn òbí ti dìbò yàn mí sínú ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé náà. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá lé ọmọ pátápátá, àwa ìgbìmọ̀ la máa yẹ ìpinnu náà wò, a sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí ọjọ́ ilé-ìwé 15 tó pé. A lè dá ọmọ padà, a sì lè ní kó máa lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Kò mú ọ̀bẹ wá sílé-ìwé, wọn kò sì ká igbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó wà lórí ìwé ni pé ó ń da kíláàsì rú léraléra. Ẹ̀sùn yìí ló ń lé ọmọ tó pọ̀ jù kúrò nílé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọsílẹ̀ ìwà rẹ̀ gba ojú ewé mẹ́sàn-án. Ó máa ń pẹ́ dé. Ó máa ń sọ̀rọ̀ láìgbàyè. Ó ti tábìlì ṣubú lọ́jọ́ kan, ìwé ọmọbìnrin kan sì ya. N kò ní fi ìyẹn pamọ́, nítorí ọmọbìnrin yẹn náà ní òbí. Ṣùgbọ́n ohun tó kún ojú ewé mẹ́sàn-án yẹn jù ni àfojúdi: kò wojú olùkọ́ nígbà tó ń bá a wí, ó pòṣé, ó fèsì, ó pòṣé, ó pòṣé bó ṣe ń jáde lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé ń kà á lọ gbuurugbu bí ẹni ń ka ìwé owó. Nígbà tó dé orí òṣé ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìyá àgbà pa tirẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Òṣé ìyá mi ni. Ìyá mi tó ti kú ní Ìbàdàn. Bó ṣe máa ń pa á nìyẹn bí wọ́n bá ròyìn ikú ọmọ kékeré fún un, tàbí bí ó bá rí ọmọ aládùúgbò tí kò tíì jẹun títí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé òṣé kì í ṣe ẹyọ kan. Òṣé ìbínú wà, òṣé ẹ̀gàn wà, òṣé àánú wà. Òṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, tí kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ, òun náà wà. Tìyá àgbà yìí, àánú àti àárẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti pa á.

Orí erékùṣù kan ní Káríbíánì ni wọ́n ti bí i. Kò gbọ́ Yorùbá. Kò dé Ìbàdàn rí. Ṣùgbọ́n òṣé náà wọ ọkọ̀ ẹrú pẹ̀lú àwọn baba ńlá rẹ̀ láti etí òkun wa, ó la òkun kọjá, ó sì bọ́ sí ẹnu rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù bí ó ṣe wà ní ẹnu ìyá mi. Nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tó sọ. Ariwo ni àwọn yòókù gbọ́. Akọ̀wé gbójú sókè, ó wò ó, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọkùnrin òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ló jókòó sápá ọ̀tún mi. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì fẹ́ tu màmá náà nínú. Ó ní, "Màdáámù, òfin kan náà ni fún gbogbo ọmọ."

Mo tẹjú mọ́ tábìlì. Ó yẹ kí n sọ pé, "Ẹ dúró ná. Kí ni òṣé ń wá nínú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹrin?" Gbólóhùn kan péré ni. N kò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́ níṣojú mi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i pé kó máa lọ.

Nígbà tí a jáde, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ àgbà fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní àwọn ọmọ àwa ará Nàìjíríà kì í fa irú wàhálà báyìí, pé a mọ ọmọ tọ́. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn títí mo fi dé ibùdókọ̀.

Inú dídùn yẹn

Ìdùnnú yẹn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù, kí òṣé náà tó gbà mí lóorun.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, ní ibi ìsọmọlórúkọ, nínú àwùjọ WhatsApp àwọn ìyá, a máa ń sọ ọ́: "Ọmọ wa kì í ṣe bí ọmọ Jàmáíkà." Ẹni tí baba rẹ̀ ti Barbados wá, Jàmáíkà là ń pè é. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wá láti St Lucia tàbí Dominica, Jàmáíkà náà ni. A máa ń kìlọ̀ fún ọmọ wa pé kó má bá wọn rìn. Bí èsì ìdánwò bá jáde, a máa ń rí i pé àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Áfíríkà wá ń ṣe dáadáa, pé ipò wọn sún mọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè tàbí ó kọjá rẹ̀, pé àwọn ọmọ Káríbíánì ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n sì ń lé jù. A ó ní, ṣé ẹ rí i? Àwọ̀ kan náà ni. Ẹ̀kọ́ ilé ló yàtọ̀.

Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Ó dùn ún gbà gbọ́, torí ìyìn wa ni.

Ní 2019, Edward Timpson, ẹni tó ti ṣe mínísítà nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé rí, jábọ̀ fún ìjọba lórí bí wọ́n ṣe ń lé ọmọ kúrò nílé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé òṣì ilé yẹ̀wò, wọ́n gbé àìlera àti ìṣòro ẹ̀kọ́ yẹ̀wò, wọ́n gbé oríṣiríṣi nǹkan mìíràn yẹ̀wò, wọ́n sì yọ ipa gbogbo wọn sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé ọmọ Káríbíánì pátápátá ní ìlọ́po 1.7 ju ọmọ òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìṣirò yẹn ti ka òṣì mọ́ ọn, ó ti ka àìlera mọ́ ọn, ohun tó ṣẹ́ kù sì tún wà níbẹ̀ gedegbe. Ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé ló fa ìyókù náà ní láti ṣàlàyé fún mi bó ṣe jẹ́ pé àwọn ìyá àgbà tó wọ̀ ọkọ̀ òkun wá síhìn-ín lẹ́yìn 1948, àwọn tó le koko, tí wọ́n ń dé fìlà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí wọn kò sì gba gbẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Èyí tó wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn kó ìwé ẹ̀rí ọmọ náà wá nínú báàgì ọ̀rá: ti ìlù, ti odò wíwẹ̀, ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó gbé ìkankan wò nínú wa.

Igi tí a jókòó sábẹ́ rẹ̀

Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa dé ibí yìí ló jẹ ìyà tí a kò mọ̀. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n máa ń mú ọmọ Káríbíánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á fún un ní ìdánwò tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ilé òyìnbó, bó bá sì kùnà, wọ́n á ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé, wọ́n á gbé e lọ sí ilé-ìwé àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tó, "educationally subnormal" ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn òbí rò pé ilé-ìwé àkànṣe tó dára ju tàtẹ̀yìnwá lọ ni. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́.

Ní 1971, Bernard Coard, ọmọ Grenada kan tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé pélébé kan láti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìtẹ̀wé New Beacon, tí John La Rose ará Trinidad dá sílẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà kò gùn, òbí ló sì kọ ọ́ fún, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sọ fún wọn bí ìdánwò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì sọ ohun tí wọ́n lè bèèrè. Àwọn òbí kà á, wọ́n sì dìde. Wọ́n dá ilé-ìwé ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀ nínú pálọ̀ àti nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bá ìjọba ìbílẹ̀ jà. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ 1981 dé, ó pa orúkọ búburú yẹn rẹ́ nínú ìwé òfin.

Òfin tó kọ ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní 1976, èyí tí wọ́n tún fún lágbára ní 2000, a kò bá a lórí igbá nígbà tí a bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ti 2000, ẹ̀jẹ̀ Stephen Lawrence ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ òbí tó wá láti Jàmáíkà ni, ọmọ ọdún 18, tí wọ́n gún pa nítorí àwọ̀ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ní Eltham ní April 1993. Ìròyìn Macpherson tó jáde lórí ikú rẹ̀ ní 1999 dé ọ̀dọ̀ ilé-ìwé náà: ó ní kí wọ́n máa gbé iye ọmọ tí wọ́n bá lé àti ẹ̀yà wọn jáde lọ́dọọdún, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó, ọlọ́pàá ni wọ́n ń wádìí, síbẹ̀ wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò lè tán láìkan ilé-ìwé.

Lábẹ́ igi yìí la jókòó sí. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ilé-ìwé nítorí kò wojú olùkọ́ tó ń bá a wí. Mo kọ lẹ́tà. Mo ṣàlàyé pé níbi tí a ti wá, ọmọ tí a bá ń bá wí kì í tẹjú mọ́ àgbà, pé bó ṣe ń wolẹ̀ yẹn, ọ̀wọ̀ ló fi ń fún un. Ọ̀gá ilé-ìwé fèsì lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àforíjì, ó sì pa á rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ọmọ mi. Ó yá wọn lára láti gbọ́ mi nítorí àwọn òbí Káríbíánì ti fi ogún ọdún pariwo kí wọ́n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́. Èmi wá jókòó sórí àga ìdájọ́, mo gbọ́ "kò wojú olùkọ́" nínú ẹ̀sùn ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ tí mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dunjú, mo sì wolẹ̀.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Ó yé mi báyìí pé ohun tí olùkọ́ àgbà yẹn fi yìn mí, orí àjà kan náà ló wà. Bí ìyìn bá dúró lórí pé a kì í ṣe wàhálà, ọjọ́ tí ọmọ wa bá ṣe wàhálà, ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀?

Ọgbọọgba wo?

"Òfin kan náà ni fún gbogbo ọmọ." Gbólóhùn yẹn ni mo ń lọ̀ lẹ́nu jù. Ó dà bí òdodo. Kò sí ẹni tó lè ní òun fẹ́ òfin méjì.

Ohun tó bá mi tú u wá láti ilé, láti ibi tí n kò retí. Nígbà tí bàbá mi kú tí ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, àwọn àgbà ẹbí jókòó ọjọ́ méjì gbáko lórí bí wọ́n ṣe máa pín ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé kó dọ́gba. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni: ọgbọọgba wo? Ṣé ìdí-igi ni, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ìyá kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ tirẹ̀? Tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀? Ìyá mi bí ẹyọ méjì. Ìyálé bí mẹ́fà. Ọgbọọgba ti ìdí-igi dára fún wa, ó sì pọ́n àwọn mẹ́fà lójú. Ọgbọọgba ti orí-ò-jorí yí i padà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ti dé Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń dé nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 1962, lórí ogún Suberu Dawodu ti Èkó, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé lọ. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. N kò sọ pé ọ̀kan dára jù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí àgbà kan nínú ẹbí wa tó lè dìde kó ní "ó ti dọ́gba" kó sì jókòó, láìjẹ́ pé wọ́n bi í pé: kí lo fi wọ̀n ọ́n?

Mo wá ṣí ìwé ìlànà ìwà ilé-ìwé wa, ìwé tí èmi náà ti dìbò fún láìkà á délẹ̀. Lábẹ́ àfojúdi, wọ́n to àwọn nǹkan kan sílẹ̀. Òṣé wà níbẹ̀. Mo wá ohun tí ọmọ òyìnbó máa ń ṣe bí nǹkan bá sú u. Ó máa ń yí ojú sókè. Ó máa ń mí kanlẹ̀. Ó máa ń sọ èjìká. Kò sí ìkankan nínú ìwé náà. Ọmọ méjì lè jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, kí olùkọ́ bá àwọn méjèèjì wí, kí ọ̀kan yí ojú sókè, kí ìkejì pòṣé, kí ohun tó wà lọ́kàn wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀kan ti rú òfin, èkejì kò rú u. Òfin yẹn kò dárúkọ ẹ̀yà kankan. Gbogbo ọmọ tó bá pòṣé ló mú. Ṣùgbọ́n ẹnu tó jogún òṣé nìkan ló lè pa á.

Òfin ìdọ́gba ti 2010 mọ irú nǹkan yìí. Ó ní òfin lè rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn lórí ìwé kó sì máa pa ẹ̀yà kan lára, pé ẹni tó bá fẹ́ di irú òfin bẹ́ẹ̀ mú gbọ́dọ̀ fi ìdí tó yè kooro hàn. Ní 2011, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́ gíga. Ilé-ìwé kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ti dá ọmọkùnrin ọdún 11 padà lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí irun dídì tó ṣe. Ilé-ìwé náà ní òfin kan náà ni fún gbogbo ọmọkùnrin, pé àwọn ń sá fún ìwà ẹgbẹ́ ìpáǹle. Ẹbí ọmọ náà ní àṣà àwọn ni, pé wọn kì í gé e. Adájọ́ dá wọn láre. Èmi tí mo dàgbà sí Ìbàdàn, tí mo rí àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó pẹ̀lú irun wọn ní dídì, àgbà ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń wárí fún, kò yẹ kó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ni yóò kọ́ mi pé irun dídì kì í ṣe àmì ìpáǹle. Ní October 2022, àjọ tó ń mójú tó ìdọ́gba ní Britain tún gbé ìtọ́sọ́nà jáde fún ilé-ìwé lórí ọ̀rọ̀ irun yìí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ó ṣì yẹ kí wọ́n tún un sọ.

Ohun tí mò ń bèèrè báyìí

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé mìíràn. Mo sọ èyí fún un, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wá dúró níwájú ọmọ 30 fún wákàtí kan. Kí ọ̀kan pòṣé sí yín, kí 29 rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?" Òótọ́ ló sọ. N kò ní kó gba òṣé. Ìyá mi ì bá ti gbá mi létí. Ó lè ní kí ọmọ dúró lẹ́yìn, ó lè pe ilé rẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa kó òṣé jọ bí ẹni ń kó òkúta, títí yóò fi tó ohun tí a lè fi lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá jáde láyé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ rò pé ìdọ́gba ẹ̀yà jẹ́ ọ̀rọ̀ oṣù October, oṣù ìtàn àwọn ènìyàn dúdú níbí, tí a máa ń gbé àwòrán Mary Seacole, nọ́ọ̀sì ọmọ Jàmáíkà ayé àtijọ́, kọ́ ògiri. Kò burú, kí wọ́n gbé e kọ́. Ṣùgbọ́n Abala 149 nínú òfin 2010 kò sọ̀rọ̀ àwòrán. Ó ní àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ro ìdọ́gba kí a tó pinnu, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti pẹjọ́. Ní ọjọ́ yẹn, a kò rò ó fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí ìwé kan níwájú wa tó sọ ọ́.

Nítorí náà, mo bèèrè fún àkọsílẹ̀ gbogbo ọmọ tí wọ́n rán jáde ní kíláàsì: ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sùn rẹ̀. Wọ́n ní iye ọmọ náà kéré jù láti rí nǹkan fà yọ nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó ọdún mẹ́ta pọ̀. Ìpàdé náà dákẹ́. Alága ní òun á mú un wá ní táàmù tó ń bọ̀. Mo tún bèèrè pé kí wọ́n ya àwọn ẹ̀sùn tí ojú lè rí, bíi ferese fífọ́ àti ìjà, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn èyí tó jẹ́ pé inú olùkọ́ nìkan ló wà, bí àfojúdi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni ojú ti máa ń ṣe ọ̀tọ̀ sí ọmọ dúdú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí òṣé kúrò nínú ìwé náà, tàbí kí yíyí ojú sókè wọlé. Wọn kò tíì dá mi lóhùn lórí èyí.

Ohun tó ń kán mi lójú ni pé láti 2012, bí àwa ìgbìmọ̀ bá ti fọwọ́ sí lílé ọmọ, ìgbìmọ̀ olómìnira tí òbí lè lọ bá lẹ́yìn náà kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n gba ọmọ náà padà. Ohun tó lè ṣe jù ni kó fagi lé ìpinnu wa, kó ní ká lọ tún un rò. Tẹ́lẹ̀, wọ́n lè pàṣẹ. N kò mọ èyí lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i. Mo rò pé ẹnìkan wà lókè tí yóò tún un wò, bó bá ṣe pé a ṣìṣe.

Rye Lane

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo lọ ra iṣu ní Rye Lane ní Peckham. Ìyá àgbà náà ni mo bá níbẹ̀. Ó dé fìlà kan náà, ó ń ti iṣu wò, ó ń fi èékánná kan án nídìí bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Mo rò pé kí n yà. Ẹsẹ̀ mi kò gbé e. Mo kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, orúnkún mi sì tẹ̀ kí n tó mọ̀.

Ó dá mi mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bèèrè ọmọ náà. Ó ní ó wà ní ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n lé sí, pé bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ lọ, pé kò lu ìlù mọ́. Ó sanwó iṣu rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

Ó ní, "Ìwọ nìkan lo jọ mí nínú yàrá yẹn. Ojú rẹ ni mò ń wò látìgbà tí mo ti jókòó. O kò wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwa la ni ín. Mo fẹ́ sọ fún un pé níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í tẹjú mọ́ àgbà. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì, nítorí kì í ṣe òótọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló mú mi wolẹ̀.

Mo gbójú sókè, mo wò ó. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n bá a gbé iṣu náà dé ibùdókọ̀.

Ó ní rárá, òun á gbé e.